Ọkọ̀ Tí Mo Fi Dẹ Pàkúté fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Àtàláátà, 18 Òkúdù 2024

Ọjọ́ kẹta Iléyá. Oòrùn mú láti àárọ̀, omi Aṣéjìrẹ́ ń dán bíi páànù tuntun. Gbogbo àwa ọmọ Ìyá Sìlífátù pé sí èbúté àwọn apẹja bí a ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Àbdùlràhmọ̀n ti ra ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ funfun tó gba ènìyàn mẹ́rìnlá. Tiwa kò gbà ju ẹni mẹ́rin lọ, àwa sì jẹ́ márùn-ún. Sùlè ọkọ mi kó àwọn ìbejì sínú tiwa pẹ̀lú ẹrù, èmi àti Ikhlas lọ wọ ti ẹ̀gbọ́n mi.

Láti Ìkirè ni Ikhlas ti wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí àwọn yòókù kọ́kọ́ wọlé kí òun má baà dá ẹnikẹ́ni dúró. Nígbà tó kàn án, Kamilah ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ dí i lọ́nà. Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ kan kò ṣeé gbé lójú omi, pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò máa wá a kiri? Mo wo ẹ̀gbọ́n mi kó bá mi dá a lóhùn. Ó ń fi etí aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀.

“Soliat, ọkọ̀ ti kún,” ló wí.

Àyè mẹ́ta ló ṣófo. Wọ́n gbé kúlà ẹran lé ọ̀kan. Ìyá wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà náà, ó kọjú sí omi.

Bèbè ni èmi àti ọmọ mi jókòó sí títí di Alásárì. Kò sunkún. Ó jẹ dòdò, ó ka ẹyẹ, kò sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà. Èmi ni mo bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a délé.

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde kí ọjọ́ má baà pa á rẹ́: ẹlẹ́sẹ̀ kan. Kò tiẹ̀ jẹ́ òótọ́. Méjèèjì ló ní, ọ̀kan ló kúrú. Ẹnu Kamilah ló sì ti jáde, Kamilah tí mo jẹ́ ọkọ fún nílé bàbá mi.

Àlàmísì, 20 Òkúdù

Ìbínú náà ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Àwọn àgbẹ̀ gbé kòkó wá láti Ìkirè-Ilé, mo ń wọ̀n ọ́n, mo ń kí wọn kú ọdún, àmọ́ àyè ìjókòó ni mò ń kà lọ́kàn.

Mo ti mọ bí yóò ṣe rí. Ẹbí yóò tún pé lọ́jọ́ Máólúdì. Nígbà náà, èmi náà yóò ti ní ọkọ̀, yóò sì tóbi ju tiwọn lọ. Gbogbo ọmọ ìyá wa yóò wọ̀ ọ́, àyè méjì yóò sì ṣẹ́kù gedegbe tí gbogbo ojú yóò rí i. Kamilah yóò gbé ẹsẹ̀ láti wọlé. Èmi náà yóò na ọwọ́.

Sátidé, 22 Òkúdù

Mo sọ fún Sùlè. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní òun náà ti ń rò ó pé ọkọ̀ wa ti kéré jù, pé kò dáa kí a máa pín ara wa sí méjì nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ ṣeré lójú omi. Mo ní owó ilé ìkẹ́rù tí mo fẹ́ kọ́ sí Ìkòyí, ẹ̀gbẹ́ Àpòmù, wà nílẹ̀. Kòkó gbówó lórí lọ́dún yìí débi tí àwọn àgbà oníkòkó kò rí irú rẹ̀ rí. Bí mi ò bá rà á nísinsìnyí, ìgbà wo ni mo tún fẹ́ rà á? Ìgbà yẹn ló wá gbójú sókè.

“Ṣé kí àwa márààrún lè jókòó pọ̀ ni, àbí nítorí Àbdùlràhmọ̀n?”

Mo ní nítorí méjèèjì. Ó ní kí n ṣọ́ra kí èkejì má gbé èkíní mì. Sùlè máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ayé ń kọ nóòtì lẹ́yìn rẹ̀.

Sátidé, 6 Agẹmọ

A lọ wo ti àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, nínú ọgbà ọkùnrin kan tó ti kó lọ sí Kánádà. Titus bá wa lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí omi ni wọ́n bí i sí, òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì àwọn apẹja ṣe ní Aṣéjìrẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú òòlù kékeré kan, ó ń fi ìdí rẹ̀ kan ara ọkọ̀ náà káàkiri, ó ń tẹ́tí. Kó, kó, kó. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́, ohùn náà yí padà, ó di pù, pù. Ó ní igi inú rẹ̀ ti jẹrà, pé lọ́jọ́ kan ẹ́ńjìnnì yóò já bọ́ sómi, yóò sì fa ẹ̀yìn ọkọ̀ dání.

Àwọn ìbejì ti jókòó sórí àga pupa inú rẹ̀, wọ́n ń wà á lọ sí Mẹ́kà. A kó wọn sọ̀kalẹ̀ tipátipá. Òjò ká wa mọ́nà ní bíbọ̀, a dúró ní ẹ̀bá títì títí ó fi dá.

Àlàrùba, 10 Agẹmọ

Kamilah tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ó ní àwọn gbọ́ pé a ń wá ọkọ̀. Ó ní Ọlọ́run yóò pèsè èyí tó bá agbára wa mu. Mo dáhùn pé Àmín.

Jímọ̀, 12 Agẹmọ

Òjò. Kòkó kò gbẹ.

Sátidé, 20 Agẹmọ

Ẹ̀pẹ́. Sùlè kò bá wa lọ, ó ní iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ọkọ̀ náà ga lórí omi bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibùsùn wà níbẹ̀, ibi ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ogún ènìyàn yóò jókòó sínú rẹ̀, wọn ò ní fara kanra. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ti fi ojú wọn ti Àbdùlràhmọ̀n náà lọ́jọ́ Iléyá. Tibí fi nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá jù ú lọ. Gàrúbà tó ń tà á bá wa tan ẹ́ńjìnnì, ó dún wùùù, ìdí mi sì gbọ̀n. Mo rí ara mi níwájú sítíárì. Mo rí Kamilah ní bèbè.

Ikhlas kò lè wọlé. Àkàbà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ga, a ní láti gbé e. Ó ní kò burú. Mo ní a ó ṣe àkàbà mìíràn.

Titus ní kí Gàrúbà ṣí kápẹ́ẹ̀tì yàrá iwájú. Gàrúbà ní gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́. Titus fi ọ̀bẹ gbé etí rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Ọ̀dà tuntun wà lábẹ́ rẹ̀, lójú kan ṣoṣo, nínú ọkọ̀ tí gbogbo ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ó kàn án. Ó fà wá sẹ́yìn, ó ní ọkọ̀ yìí ti kọlu nǹkan rí, ó ti là nísàlẹ̀, pé ohun tí wọ́n fi dí i kò ju ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ògiri lọ. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà funfun bíi mílíìkì. Omi ti wọ ẹ́ńjìnnì.

“Màdáàmù, ẹ má fi ọmọ yín sínú èyí.”

Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá kò ṣeé tún ṣe. Ó ní ó ṣeé ṣe, bí mo bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. A wá sílé.

Sọ́ńdè, 21 Agẹmọ

Ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn lórí ẹní ìkírun, Ọlọ́run má ṣàì forí jì mí. Àbdùlràhmọ̀n kò lè fara dà á kí ẹnikẹ́ni nínú wa ní ohun tí òun kò ní. Ọdún tí mo ra ọkọ̀ akẹ́rù, kò pé oṣù kan tó fi ra méjì. Nígbà tí Sùlè kọ́ ilé wa, ó fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún tirẹ̀ ní Àpòmù. Kì í wo ìdí nǹkan. Bí ó bá ti tóbi, ó ti tán.

Àtìní, 22 Agẹmọ

Mo gbé àwòrán ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ sí ojú Wasáàpù mi. Mo wà níwájú sítíárì nínú àwòrán náà, mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Alhamdulillahi, ó kù díẹ̀.* Mo rí i dájú pé orúkọ Gàrúbà àti nọ́ńbà rẹ̀ tó wà lára ọkọ̀ náà hàn dáadáa.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin kò pé tí Kamilah fi wò ó. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó tún wò ó.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà purọ́ fún ara mi lọ́jọ́ iwájú pé n kò mọ̀.

Jímọ̀, 2 Ògún

Ìyá wa pè láti Àpòmù lẹ́yìn Jímọ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti ta ọkọ̀ funfun, ó ti ra òmíràn ní Ẹ̀pẹ́, pé àwọn tó rí i ní ó dà bí ọkọ̀ gómìnà. Ohùn wọn rọlẹ̀. Wọ́n ní kí n má bínú, pé àwọn gbọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.

Mo ní, “Ẹ bá mi kí wọn kú oríire, Ìyá.”

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Sùlè yọjú láti yàrá, ó béèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní Ìyá ló sọ nǹkan. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó dára ti lọ. Ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ bà jẹ́. Yóò tún un ṣe, yóò tún bà jẹ́. Yóò dúró ní èbúté bí ilé tí wọn kò kọ́ parí, àwọn apẹja yóò máa sá ẹja sórí rẹ̀.

Sátidé, 10 Ògún

Ìkòròdú. Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Akíndèjì ló ni ọkọ̀ yìí. Kò tóbi tó ti Ẹ̀pẹ́. Lóòótọ́, kò tó ọkọ̀ funfun ẹ̀gbọ́n mi àtijọ́ pàápàá. Ẹni méjìlá, òrùlé, yàrá kékeré kan níwájú tí ẹni méjì lè sùn sí, ẹ́ńjìnnì méjì lẹ́yìn. Ojú mi kò kọ́kọ́ gbà á.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sún mọ́ omi, pèpéle pẹrẹsẹ wà níwájú rẹ̀. Bàbá náà ní rọpárọsẹ̀ kọlu ìyàwó òun lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, kò lè gun àkàbà mọ́, ni òun bá ní kí wọ́n gé ilẹ̀kùn síbẹ̀. Wọ́n jọ lò ó fún ọdún mẹ́rin kí ìyàwó náà tó kú. Òun nìkan kò lè máa jókòó sínú rẹ̀ mọ́.

A ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn náà ṣí. Ikhlas ti wọlé. Kò sí ẹni tó dì í mú. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó di ọwọ́ ìdìmú kan mú, lẹ́yìn náà òmíràn, ó rìn dé iwájú, ó jókòó. Titus kan ọkọ̀ náà fún bíi wákàtí kan. Kó, kó, kó, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó dúró lórí ẹ́ńjìnnì, ó fò lórí rẹ̀, pátákó ẹ̀yìn kò mira. Ó ní rọ́bà tó ń gbé epo lọ ti gbó, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tán.

Bàbá Akíndèjì bi Ikhlas bí ó ti rí i. Ó ní ó dára, sà, àmọ́ ìkọ́ ilẹ̀kùn náà le díẹ̀. Bàbá náà kọ́ ọ bí a ti ń gbé e sókè ká tó fà á. Ó dín owó rẹ̀ kù fún wa láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Sùlè ní, “A ti rí tiwa.” Mo gbà. Àmọ́ mo kọ́kọ́ ka àyè ìjókòó rẹ̀ ná.

Sátidé, 24 Ògún

Ọkọ̀ dé Aṣéjìrẹ́ lórí tírélà. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró ní ọ̀nà Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá. Òjò ti dá, omi tutù. Àwa márààrún wọ̀ ọ́ pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ìbejì jà lórí ibùsùn. Sùlè wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ikhlas ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, iṣẹ́ òun ni.

Àlàrùba, 4 Ọwẹ́wẹ̀

Epo bẹntiróòlù tún gbówó lórí lánàá. Ìlà gùn láti ilé epo dé ọjà. Mo ní ká má gbé ọkọ̀ jáde títí di Máólúdì.

Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti dé èbúté. Wọ́n tún un kùn, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ Kamilah sí i lára. Titus wá bá mi ní ìsọ̀ kòkó. Ó dúró, kò jókòó. Ó bi mí ṣé mo ti sọ ohun tí a rí lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní wọn ò bi mí.

Ó wo àpò kòkó, ó sì lọ.

Jímọ̀, 13 Ọwẹ́wẹ̀

Ìyá pè. Inú wọn ń dùn. Àbdùlràhmọ̀n ní lọ́jọ́ Máólúdì, iwájú ni òun yóò gbé wọn jókòó sí, nínú yàrá tó ní ibùsùn, kí ẹ̀yìn wọn má baà dùn wọ́n. Gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ àbúrò wa tó wà ní Ìkòyí náà yóò wọ̀ ọ́.

Yàrá iwájú. Orí kápẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an.

Mo ti ń ro ẹ́ńjìnnì tó bà jẹ́. Mo ti ń ro ìtìjú. Mi ò ro Ìyá.

Sátidé, 14 Ọwẹ́wẹ̀

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà mẹ́fà, kò gbé e. Mo rán Sùlè lọ sí Àpòmù. Mo ní kó sọ pé Titus ti yẹ ọkọ̀ náà wò, pé ó là nísàlẹ̀. N kò sọ ìyókù fún Sùlè. Ó padà dé ní Àìlà. Ó ní wọ́n gbé mínírà fún òun, wọ́n sì fi òun rẹ́rìn-ín. Kamilah ní ẹni tí ọkọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò lè ṣaláìsọ pé ó là.

Kò jẹ̀bi. Ohun tí mo kọ sójú Wasáàpù ló gbàgbọ́.

Àtìní, 16 Ọwẹ́wẹ̀. Máólúdì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn.

A dé èbúté ṣáájú wọn. Omi kún, òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti bo àwọn kùkùté igi tó máa ń yọrí. Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́rin. Ó wọ aṣọ funfun, Kamilah wọ ti wúrà. Wọ́n ti di Ìyá lọ́wọ́ mú lọ sídìí àkàbà nígbà tí mo bọ́ síwájú wọn. Gbogbo ẹbí ń wò mí. Mo ní, “Ìyá, ẹ má wọ̀ ọ́. Omi yóò wọ inú rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kúrò lọ́nà. Ìyá ní kó dákẹ́. Wọ́n wò mí lójú pẹ́ẹ́.

“Ṣé ìjà lo fi ń sọ ọ́ ni, àbí òótọ́?”

“Òótọ́ ni, Ìyá.”

Wọ́n gba ọwọ́ wọn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tí Ìyá jókòó, kò sí ìyá ọmọ kankan tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ìdí àkàbà, ojú tì í débi pé mo rí i ní ọrùn rẹ̀. Ohun tí mo ti ń wá láti Iléyá nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́.

Ó gun ọkọ̀ náà. Kamilah tẹ̀ lé e, kò wọ jákẹ́ẹ̀tì kí aṣọ rẹ̀ má baà rún. Àwọn méjèèjì àti ẹni tó ń wà á fún wọn. Wọ́n sáré jáde, omi fọ́n ká.

Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. A gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó sì dákẹ́. Èéfín funfun. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé iwájú ọkọ̀ náà ti lọ sílẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Titus ti wà nínú tiwa kí n tó sáré dé ibẹ̀, Ikhlas náà ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, kò sí àyè láti mú un sọ̀kalẹ̀. A lọ.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, omi ti dé ojú fèrèsé yàrá iwájú. Awakọ̀ wọn di ẹ̀yìn mú, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú omi, ó fi ọwọ́ kan di Kamilah mú, aṣọ wúrà náà wúwo, ó ń fà wọ́n lọ sísàlẹ̀. Titus pa ẹ́ńjìnnì kó má baà gé wọn lẹ́sẹ̀. Ikhlas gbé ìkọ́ ilẹ̀kùn sókè, ó fà á, ó dùbúlẹ̀ lórí pèpéle, ó na ọwọ́.

“Mọ́mì Àpòmù, ẹ dì mí mú. Ẹ má fà mí, ẹ kàn dì mí mú.”

Èmi di ẹsẹ̀ ọmọ mi méjèèjì mú. Titus gbá Kamilah lábíyá. A fa gbogbo wọn wọlé láti ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kamilah bì sórí ẹsẹ̀ mi. Titus tan ẹ́ńjìnnì padà, a yí sí èbúté.

Ká ní Ìyá wà nínú yàrá iwájú yẹn.

Àtàláátà, 17 Ọwẹ́wẹ̀

Fóònù mi kò sinmi láti àárọ̀. Gbogbo ẹbí ń ṣàdúrà fún mi. Àbúrò wa ní Ìkòyí ní Ọlọ́run ló fi hàn mí. Mo ń dáhùn pé Àmín, Àmín.

Jímọ̀, 20 Ọwẹ́wẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi àti Kamilah wá sí Ìkirè. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti wọ ilé wa kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti fọn, ó ń húkọ́. Kò kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ká pe Ikhlas, ó sì ní kó jókòó ti òun. Ó ní ohun tí òun ṣe lọ́jọ́ Iléyá kò dára, pé àyè wà nínú ọkọ̀ náà, òun sì mọ̀. Kamilah kúnlẹ̀ fún èmi, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ, ó ń sunkún. Ikhlas ní, “Mo ti gbọ́, Dádì Àpòmù. Mọ́mì Àpòmù, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.” Ó wò mí bíi pé kí n gbà á sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbọ́ láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n sọ, ní pàlọ̀ mi, lójú ọmọ mi. Ó yẹ kó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú nígbà tí wọ́n ń lọ, ó ní òun kò mọ̀ pé mo fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

Sátidé, 21 Ọwẹ́wẹ̀

Mo lọ bá Titus ní Aṣéjìrẹ́ nípa rọ́bà epo. Ó pààrọ̀ rẹ̀, kò gbowó. Ó ní òun náà mọ̀, òun kò sì sọ, pé orí omi ni òun dàgbà sí, bàbá òun yóò sì tutọ́ sí òun lójú bó bá gbọ́. Ó ní òun yóò lọ rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Àtìní, àyàfi bí mo bá kọ́kọ́ lọ.

Sọ́ńdè, 22 Ọwẹ́wẹ̀

Mo sọ fún Sùlè ní àárọ̀, gbogbo rẹ̀. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó wá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Àpòmù. Kamilah ń gé ọsàn fún Ìyá. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: òòlù Titus, ọ̀dà tuntun, ọ́ìlì funfun, àwòrán tí mo gbé sójú Wasáàpù àti ìdí tí mo fi gbé e. Bí mo ti ń sọ ọ́, tí mo rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n mi ń yí padà, apá kan nínú mi ṣì ń dùn. Mo sọ ìyẹn náà fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà là.

“Ogúnjọ́ Agẹmọ.”

Ó fi ìka kà á. Ó ń kà á bó ṣe ń ka owó nígbà tí a wà lọ́mọdé, pẹ̀lú ètè.

“Ọjọ́ méjìdínlọ́gọ́ta,” ló wí. “Ọjọ́ kan ni mo fi ṣe tèmi, Soliat. Mo sì jẹ̀bi rẹ̀. O jí lówùúrọ̀ ní ọjọ́ méjìdínlọ́gọ́ta, o kírun, o sì dákẹ́.”

Ìyá gbé àwo ọsàn kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kamilah dìde, ó dúró lẹ́yìn àga ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa lọ. Mo ti dé ìta, mo ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, kó tó tún pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò wò mí. Ó ní òjò ti ń ṣú lápá Ìkòyí, pé ọ̀nà yóò máa yọ̀, kí n rọra wakọ̀.

Mo rọra wà á dé Ìkirè.